Àtẹ́lẹwọ́ Fóómàn

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ aṣọ kan sí lọ́wọ́ nígbà tí iṣẹ́ ti tán nínú rẹ̀. Fóómàn ni wọ́n ń pè é. Òun ni fóómàn tó jẹ kẹ́yìn níbẹ̀, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Má tíì dá mi lóhùn, àbúrò mi. Mo ti gbọ́ ohun tí o bá wá. Jókòó kí o gbọ́ tèmi náà.

Ilé iṣẹ́ yìí ti wà kí wọ́n tó bí Fóómàn. Bíríkì pupa ni wọ́n fi kọ́ ọ, ọkọ̀ ojú irin ló sì kó bíríkì náà wá. Òrùlé rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀, bí eyín ayùn. Gíláàsì wà ní ojú kan eyín kọ̀ọ̀kan, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé láìjẹ́ pé oòrùn ń ta ahunṣọ lójú. Àwọn ìtì igi ìrókò ló gbé òrùlé náà dúró. Ara ìtì igi wọ̀nyẹn ni wọ́n so irin gígùn kan mọ́. Irin náà ń yí, bẹ́líìtì sì ń ti ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá yí ẹ̀rọ ìhunṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, igi á máa gbọ̀n. Àwọn tó kọ́ ilé náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lo ìrókò.

Fèrè ilé iṣẹ́ náà ni gbogbo ìlú fi ń mọ àkókò. Ìyàwó ilé tó bá gbọ́ fèrè ọ̀sán tí kò tíì gbé omi kaná mọ̀ pé òun ti pẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ rán ọmọ nílé ìwé, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti rí ẹni tí wọ́n fẹ́. Nígbà tó yá, aṣọ òkèèrè gba ọjà, iná mànàmáná di àlejò, àwọn tó ni ilé iṣẹ́ náà sì ti ilẹ̀kùn.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn ní ìlú. Ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn ẹni tó dúró tì í, nítorí náà ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Bí ahunṣọ bá fi ìka méjì ra ara wọn, òwú ti já nìyẹn. Bí ó bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nítòsí ìbàdí, ó ní kí o kúrò níbi tí o wà. Wọ́n ń fi ọwọ́ ṣòfófó, wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ fi fẹ́ra wọn sọ́nà níṣojú ọ̀gá, ọ̀gá kò sì mọ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan wà tó jẹ́ ti Fóómàn nìkan. Kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ láàárọ̀, á dúró lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń tan án, á na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, á sì yí i ká gbogbo gbọ̀ngàn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, àwọn yìí ńkọ́? Gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ á gbé ọwọ́ kan sókè pé òun wà níbi tí ewu kò sí. Bí àlejò bá wà tí kò mọ èdè náà, ẹni tó sún mọ́ ọn jù á lọ dì í lọ́wọ́ mú, á sì gbé ọwọ́ náà sókè pẹ̀lú tirẹ̀. Bí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo bá kù, wọn kì í tan ẹ̀rọ. Ìka àwọn kan ti bọ́ síbẹ̀ kí wọ́n tó fi òfin náà lélẹ̀, wọn kò sì fi ṣeré.

Fóómàn bí ọmọbìnrin kan, Mopélọ́lá. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń fi ọmọ àwọn ahunṣọ ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà, wọ́n á ní ọmọ odi ni wọ́n. Ó dun Fóómàn. Ó kìlọ̀ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ bá ọmọ òun sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ọmọ náà dàgbà, ó kàwé, ó di olùkọ́ tí ẹnu rẹ̀ dùn. Kò sí ohun tó mọ̀ nínú èdè ọwọ́ ju kí ó juwọ́ sí èèyàn lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ náà, Fóómàn kò jìnnà sí i. Ó ń lé ewúrẹ́ jáde, ó ń lé àwọn tó wá ṣí páànù sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìròyìn dé pé àwọn tó ni ín ti rí ẹni tó fẹ́ rà á. Ẹni náà fẹ́ wó o, kí ó fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ilé epo. Ìrètí kan ṣoṣo ló kù. Ọ́fíìsì ìjọba kan wà tó ń bójú tó àwọn ilé àtijọ́. Bí ẹni tí wọ́n bá rán wá bá sọ pé ilé náà yẹ ní títọ́jú, tó sì tún sọ pé ó ṣì lágbára, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. Bí ó bá sọ pé ewu ni, katapílà ló kù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹni náà máa wá.

Fóómàn sì mọ ohun kan tí ẹlòmíràn kò mọ̀. Gọ́tà kan ń jò láàárín eyín òrùlé méjì. Omi rẹ̀ ń wọ orí ìtì igi kan níbi tí igi náà ti wọnú ògiri. Ìrókò le, ṣùgbọ́n omi tí kò dẹ́kun kò mọ ìrókò. Igi náà jẹrà, ó sì là. Nígbà tí Fóómàn kọ́kọ́ rí i, ohun tó tọ́ ló ṣe. Ó wá páìpù irin kan tó nípọn, ó fi ti igi náà láti ilẹ̀. Páìpù náà dúró bẹ́ẹ̀ láti òjò ọdún kan dé òjò ọdún kejì, láburú kankan kò sì ṣẹlẹ̀.

Ìgbà tó gbọ́ pé àlejò láti ọ́fíìsì náà ń bọ̀ ni páìpù náà bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lójú. Ó rò ó pé bí àlejò bá rí i, á béèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Bí ó bá béèrè, á gbójú sókè. Bí ó bá gbójú sókè, ọ̀rọ̀ ti parí. Fóómàn gba orí àkàbà lọ, ó fi ọ̀dà dúdú kun ojú ibi tó là. Kí ibẹ̀ má baà dá yàtọ̀, ó kun gbogbo ìtì igi tó kù pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní ojú àpá kò lè jọ ojú ara, ṣùgbọ́n láti ilẹ̀, o kò lè mọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ó yọ páìpù, ó gbé e ti ògiri. Ó ní fún ìgbà díẹ̀ ni, bí àlejò bá ti yí ẹ̀yìn báyìí, òun á dá a padà.

Ṣé o rí bí èèyàn rere ṣe ń dé ibẹ̀? Kò jalè, kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ilé ló fẹ́ràn.

Àlejò dé. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan ni, ó ń fi oríkèé ìka kan ògiri bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, á sì tẹ́tí. Àwọn ahunṣọ àtijọ́ ti pé sínú gbọ̀ngàn, oníkálukú wọ aṣọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun níbẹ̀. Ìyá Àbẹ̀ní ló dàgbà jù nínú wọn. Òun ló kọ́ ìdajì àwọn tó kù níṣẹ́. Ìbàdí rẹ̀ ti ń dùn ún, ẹ̀rọ sì ti gba púpọ̀ nínú etí rẹ̀. Mopélọ́lá ni wọ́n ní kí ó máa sọ ìtàn ilé náà fún àlejò, ó sì ń sọ ọ́ dáadáa, inú baba rẹ̀ ń dùn.

Ohun tí Fóómàn ti rò ni pé àlejò á wo ilé, á mu omi, á sì máa lọ. Ṣùgbọ́n àlejò béèrè bóyá ọ̀kankan ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn ẹ̀rọ náà. Kí Fóómàn tó la ẹnu, àwọn ahunṣọ ti dáhùn pé mẹ́rin ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti fi epo sí wọn lára, wọ́n ti yá jẹnẹrétọ̀ wá, wọ́n kò sọ fún Fóómàn nítorí wọ́n fẹ́ fi yà á lẹ́nu. Ó yà á lẹ́nu lóòótọ́.

Ó lè sọ ọ́ nígbà náà. Kò ju gbólóhùn kan lọ. Ohun tó sọ ni pé kí wọ́n tan méjì péré. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé epo ló ń ṣọ́, wọ́n sì so bẹ́líìtì mọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ó lọ dúró síbi tí ó máa ń dúró sí. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé iṣẹ́. Ó na àtẹ́lẹwọ́, ó yí i ká gbọ̀ngàn. Àwọn ahunṣọ gbé ọwọ́ wọn sókè. Ọwọ́ méjì ló kù. Àlejò àti Mopélọ́lá dúró láàárín gbọ̀ngàn, lábẹ́ ìtì igi tó là, ọmọ ń sọ ìtàn, àlejò ń gbọ́. Ìyá Àbẹ̀ní ti ń rìn bọ̀ láti lọ dì wọ́n lọ́wọ́ mú, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí wọn. Fóómàn rí i pé ọwọ́ méjì kù. Ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀, kò tan ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó rò ó pé wọn kò kúkú sún mọ́ ẹ̀rọ, pé bí òun bá dúró pẹ́, àlejò á béèrè ìdí. Ó tan án.

Ariwo gba gbogbo ilé. Ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú ń lọ, ó ń bọ̀. Omi bọ́ lójú àwọn ahunṣọ nítorí ayọ̀. Eruku díẹ̀ já bọ́ sí èjìká àlejò, ó fi ọwọ́ gbọ̀n ọ́n nù. Fóómàn gbójú sókè. Ọ̀dà dúdú ti ya, ìlà funfun kan sì ti yọ láàárín rẹ̀, ara igi tútù. Bí ó ṣe ń wò ó, ìlà náà ń gùn sí i.

Ibi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ wà lẹ́bàá ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá pa á, ilé á dákẹ́, gbogbo ojú á yí sí i, wọ́n á béèrè. Kò pa á. Ó rìn síwájú síbi tí àwọn ahunṣọ ti lè rí i, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nítòsí ìbàdí. Ẹ kúrò níbẹ̀. Ó sì fi ìka kan ètè pé kí wọ́n má pariwo. Àwọn èèyàn rẹ̀ gbọ́ràn sí i lẹ́nu bí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún wọ̀nyí. Wọ́n ń kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí àlejò bí ẹni tó fẹ́ lọ gbé nǹkan wá. Àlejò kò fura. Ọkàn Fóómàn fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀. Ó rò pé ẹni òun ti yè, ilé òun náà á sì yè.

Ìgbà náà ló tó rí i pé ọmọ rẹ̀ kò kúrò. Ó ṣe ọwọ́ náà sí i. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣe é tóbi, ó fi apá méjèèjì ṣe é. Mopélọ́lá rí baba rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì juwọ́ sí i.

Àbúrò mi, ọmọ náà juwọ́ sí i.

Fóómàn kígbe, kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó fẹ́ padà lọ pa ẹ̀rọ, ó fẹ́ sáré lọ bá ọmọ, kò sì mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe. Ìyá Àbẹ̀ní ti dé ẹnu ọ̀nà ní tirẹ̀, ó ti rí ọwọ́ Fóómàn, ó sì ti rí ìka tó fi kan ètè. Ní ẹnu ọ̀nà ó yíjú padà bí ahunṣọ ṣe ń ṣe, láti wo ọwọ́ tó kù. Kò wo Fóómàn mọ́. Ó padà sáàárín gbọ̀ngàn pẹ̀lú ìbàdí rẹ̀ tó ń dùn ún. Ó di ọrùn ọwọ́ àlejò mú, ó di ti Mopélọ́lá mú, ó gbé méjèèjì sókè bí òfin ṣe wí, ó sì fà wọ́n.

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde lábẹ́ ìtì igi náà tán kí ó tó dá. Ìró rẹ̀ borí ti ẹ̀rọ. Àwọn méjì tó fà síwájú bọ́, ìdí ìtì igi náà ló ba Ìyá Àbẹ̀ní ní itan. Bẹ́líìtì já, àwọn ẹ̀rọ kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ku ìró jẹnẹrétọ̀ níta.

Wọ́n gbé igi kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì ń wá ohun tí wọ́n á fi gbé e lọ sí ọsibítù. Àlejò wà lórí ìkúnlẹ̀, eruku bo gbogbo ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí páìpù lára ògiri. Lẹ́yìn náà ó rí òrùka ìpẹtà kan nílẹ̀, lábẹ́ ibi tí igi wà tẹ́lẹ̀. Ó béèrè ẹni tó yọ páìpù náà níbẹ̀. Fóómàn ní òun ni.

“Ká ní mo bá páìpù yìí níbi tó wà tẹ́lẹ̀ ni, ǹ bá mọ̀ pé ẹnì kan ń tọ́jú ilé yìí,” àlejò wí. “Igi tó là kì í bà wá lẹ́rù, bàbá. À ń pààrọ̀ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ti kun gbogbo wọn lọ́dà. Èwo ni kí n wá gbà gbọ́ nínú wọn?”

Wọ́n tẹ́ Ìyá Àbẹ̀ní sórí ilẹ̀kùn kan tí wọ́n yọ, wọ́n gbé e kọjá níwájú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ní kí wọ́n dúró. Ìrora kò jẹ́ kí ó lè sọ̀rọ̀. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó yí i ká gbọ̀ngàn, sọ́dọ̀ àlejò, sọ́dọ̀ Mopélọ́lá, ó sì dá a dúró síwájú Fóómàn. Gbogbo ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí mọ ohun tó sọ. Mopélọ́lá béèrè, kò sẹ́ni tó fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún un. Baba rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

“Ó ní, àwọn yìí ńkọ́?”

Ọwọ́ Fóómàn méjèèjì wà nílẹ̀, kò lè gbé ọ̀kan sókè.

Katapílà wọ gbọ̀ngàn náà kí ọdún tó yí po. Ilé kékeré tí fèrè wà nínú rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Ọ̀pá ni Ìyá Àbẹ̀ní fi ń rìn títí di òní. Mopélọ́lá ń lọ kọ́ èdè ọwọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Fóómàn a máa tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ dé àgbàlá, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìyá Àbẹ̀ní kò lé e, kò sì tíì kí i.

Ó tó gẹ́ẹ́ nípa ilé iṣẹ́ aṣọ. Ìwọ ló kù.

O wá bá mi láàárọ̀ yìí, o ní olùkọ́ kan wà ní ilé ìwé wa tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ lára àwọn ọmọbìnrin. O ní ó ti dá ọ lójú. Ìwọ sì ni alága àwọn òbí. O ní o ti mú ọmọ tìrẹ kúrò níbẹ̀, o sì ti ṣẹ́jú sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kí wọ́n mú tiwọn náà. O ní kí n bá ọ pa á mọ́, nítorí orí ni àwọn baba wa fi ru yanrìn tí wọ́n fi kọ́ ilé ìwé náà, orúkọ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ bàjẹ́. O wá ń bi mí bóyá o ṣe dáadáa.

Inú ń bí mi sí ọ, mi ò ní purọ́. Mo mọ̀ ọ́ ní ẹni rere, ìyẹn ló jẹ́ kí ó dùn mí. Wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ìwọ ti gbé ẹní rẹ lọ sùn síbòmíràn. Ọ̀dà dúdú lo gbé dání yẹn, orúkọ ilé ìwé lo sì ń pè é. Àwọn tí wọ́n ru yanrìn kò rù ú nítorí ògiri. Nítorí ọmọ ni wọ́n ṣe rù ú.

O rò pé gbogbo ẹni rẹ ti rí ojú tí o ṣẹ́ sí wọn. Àbúrò rẹ obìnrin, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ńkọ́? O ní o kò sọ fún un nítorí ẹnu rẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ dúró. Ọmọbìnrin rẹ̀ kọjá níwájú ilé yìí láàárọ̀ kí o tó dé, ó wọ aṣọ ilé ìwé, báàgì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo wà níbi tí o jókòó sí yìí. Ó kí mi, ó sì juwọ́ sí mi.

Wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Àwọn yìí ńkọ́?

Dìde, wọ bàtà rẹ. A ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé, láti ibẹ̀ a ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, lẹ́yìn náà ni wàá lu agogo pe gbogbo òbí, wàá sì fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Àwọn ọmọ kò tíì jáde nílé ìwé.